Ọyún ni, Kì í Ṣe Oyún

Ọdún tí àwọn alágbádá gba ìjọba lọ́wọ́ ológun ni wọ́n gbé mi wá sí ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ní Ṣakí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, Ṣakí ni mo sì fẹ́ ọkọ sí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè pè mí ní àjèjì ní Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ará ilé ọkọ mi ṣe ń wò mí nígbà náà, ó sàn kí n kúkú jẹ́ àjèjì. Ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé gírámà, kò ní wàhálà kankan. Ìyá rẹ̀ ló kó gbogbo wàhálà náà jọ. Bí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ kí ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ní yunifásítì, á ní, "Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́," á sì yọ ṣùtì. Mo ti wà nílé ọkọ fún ìgbà díẹ̀ láìtíì bímọ, oyún nìkan sì ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì tún burú jù wọ́n lọ, torí pé òun kàwé. Bàtà dúdú tó ń dán gbinrin ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, n kò sì rí ìgbẹ́ màlúù lára bàtà náà rí, títí mo fi kúrò níbẹ̀. Dókítà ẹran ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran tó mọ̀ jù ni èyí tó bá ti wà nínú ọbẹ̀. Ó ti lọ ṣe kọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó rí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní ròyìn òtútù ibẹ̀ fún wa, àfi ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ ròyìn. Màlúù àwọn Fúlàní àti ti oko ìjọba nìkan ló gbà pé ó lè ṣàìsàn. Ẹni tó bá gbé ewúrẹ́ wá, á ní kó lọ pa á jẹ. Ẹni tó bá mú ajá wá, á ní kó lọ sin ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́rì tó ń kó iṣu bọ̀ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí dúró lẹ́nu géètì wa. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń pariwo kí wọ́n tó dúró tán: "Ẹ wá gbé òkú yín o! Ó ti ba iṣu oníṣu jẹ́!" Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti orí ẹrù, ẹni tí ewú ti gba orí rẹ̀, tó fi ìborùn funfun bo irun. Ó na ọwọ́ sókè, ó gba ohun kan tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé, ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Abo ajá ni. Ajá pupa ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ojú àpá ẹ̀gún inú igbó sì kún etí rẹ̀ bí ti ajá ọdẹ tó ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọnú lọ, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ hàn síta, ikùn rẹ̀ nìkan ló wú, ó rí rogodo bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ibi bàsíà omi tí a gbé kalẹ̀ fún adìyẹ, ó lá omi náà, ó lá a, ó lá a, kò fẹ́ gbé ẹnu kúrò. Nígbà tó gbé ẹnu kúrò, ó bì gbogbo rẹ̀ padà.

Ọ̀gá wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó wo ajá náà láti òkèèrè.

"Oyún ni," ó ní. "Ajá tó lóyún lẹ gbé gorí lọ́rì? Ẹ gbé e padà sílé kó lọ bímọ rẹ̀."

Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà yẹn. Mo ti gbé ìrù ajá náà sókè, mo sì ti rí ohun tó ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ó ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ẹ̀wà tó ti kan, òórùn rẹ̀ sì ti lé àwọn adìyẹ kúrò nídìí bàsíà.

"Ọyún ni, sà," mo ní. "Kì í ṣe oyún."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Àwọn èrò inú lọ́rì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Èmi tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Mo dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ oyún, ọmọ ni yóò jáde, bí a kò bá sì tètè lé ọyún jáde, ajá la máa gbé sin. Ó kàn pòṣé, ó ní kí n má sọ ọ́fíìsì ìjọba di ilé ajá, ó sì wọlé padà lọ mu tíì rẹ̀.

Mo jókòó ti obìnrin náà lábẹ́ igi dóńgóyárò, mo bi í ní ìbéèrè. Ó ní ajá náà ti wá akọ ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun so ó mọ́lẹ̀ nígbà náà torí pé ó ń tiro lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kò jẹun mọ́, tó ń mu omi bí ẹni tí iná ń jó nínú, tó sì ń lá ìdí rẹ̀ ṣáá. Kò ku ohun tí mo fẹ́ gbọ́ mọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé bí abo ajá bá wá akọ tán, yálà ó rí akọ tàbí kò rí, ilé ọmọ rẹ̀ á máa nípọn, á máa rọ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àlejò. Bí àlejò kò bá dé, kòkòrò àrùn lè wá sùn lórí ẹní náà. Ọyún á wá kún inú rẹ̀. Bí ẹnu ilé ọmọ bá ti pa dé, ó lè bẹ́ sínú, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí a yára gbé ọ̀bẹ. Oríire ti ajá yìí ni pé ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, òun ni ọyún náà fi ń kán jáde.

"Ṣé ẹ lè wò ó, Dókítà?"

"A lè la inú rẹ̀, mà, kí a gé ilé ọmọ náà kúrò. Ìyẹn ló dájú jù. Yóò yè, ṣùgbọ́n kò ní bímọ mọ́ láé."

Ó nu ẹnu ajá náà pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀.

"Ẹ kúkú jẹ́ kó kú," ó ní.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà ìkà ni. Ìgbà tó sọ tẹnu rẹ̀ ni mo mọ̀ pé èmi ni n kò lóye. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀. Ìran ajá yìí, láti ìyá dé ìyá ìyá, ni ọkọ náà fi ń dẹ igbó tó wà lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ajá tí kì í gbó kí wọ́n tó rí ẹran ni, wọn kì í sì í ba awọ ẹran jẹ́. Ọkùnrin náà kú. Àwọn àbúrò rẹ̀ wá, wọ́n pín ìbọn, wọ́n pín kẹ̀kẹ́, wọ́n pín oko tábà, wọ́n pín fìlà pàápàá. Nígbà tí wọ́n dé orí opó, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́, ó ní ajá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Obìnrin ló ní òun fẹ́ ajá ọdẹ! Ṣé yóò fi máa lọ ìdí ọlọ ni? Obìnrin náà kò bímọ fún ọkọ rẹ̀, nítorí náà kò ní ohùn níbẹ̀. Ó mú ajá lọ sí oko rẹ̀ ní ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo, ó ń pa ọ̀yà fún un. Obìnrin tí wọ́n fi ṣẹ̀sín wá ń jẹ ẹran ju àwọn tó pín ìbọn lọ.

"Òun nìkan ló kù nínú ìran náà, Dókítà," ó ní. "Bí kò bá ní bímọ mọ́, ọkọ mi ló tún kú lẹ́ẹ̀kejì yẹn."

Oògùn kan wà tí mo ti kà nípa rẹ̀. Fún màlúù ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fi ń mú kí abo màlúù wá akọ lásìkò kan náà, kí wọ́n lè jọ gùn wọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn náà máa ń mú kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀, kó ti ohun tó bá wà nínú rẹ̀ jáde, àwọn kan lókè òkun sì ti ń fi ìwọ̀n bín-ín-tín rẹ̀ wo irú àìsàn yìí lára ajá tí wọ́n ṣì fẹ́ kó bímọ. Mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ní kó jẹ́ kí a gba díẹ̀ ní oko màlúù ìjọba.

"Oògùn màlúù fún ajá?" ó ní. "Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

"Mo kà á nínú ìwé ni, sà."

"Ìwé!" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó tẹ aáyán mọ́lẹ̀. "Ajá wo ló lówó lórí tó bẹ́ẹ̀? Gé e, tàbí kí o jẹ́ kó kú. Àwọn obìnrin, ẹ máa ń fi àánú ba iṣẹ́ jẹ́."

Mo ní ó dáa, sà. Mo jáde, mo gun alùpùpù ọkọ mi, mo lọ sí oko màlúù náà fúnra mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Òun náà ti kà á, kò sì sí ẹni tó tíì dán an wò nínú àwa méjèèjì. Ó fún mi ní ìgò kékeré kan, ó ní kí n ṣọ́ra, pé ìwọ̀n tí màlúù ń gbà yóò pa ajá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tún ní kí n má jẹ́ kí ó kàn mí lára, torí ó lè ba oyún jẹ́ lára obìnrin.

"Ṣé o ò lóyún?" ó bi mí.

Èmi náà wá rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó kọ́kọ́ bi àwọn ará Ṣakí. Gbogbo ìlú ni ìbá dá a lóhùn.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún opó náà. Mo ní n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ní ajá náà lè kú lọ́wọ́ oògùn náà, ilé ọmọ rẹ̀ sì lè fà ya. Bí ara rẹ̀ bá gbóná jù, tàbí bí ohun tó ń kán bá dá lójijì tí ikùn sì ń wú sí i, n kò ní bi í mọ́, n óò gbé ọ̀bẹ. Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀ ju ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá wa.

Ibi tí ajá náà yóò sùn wá di ìjà. Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó jẹ́ àáfà ni obìnrin náà fẹ́ dé sí ládùúgbò wa. Ọkùnrin náà gbà á, ṣùgbọ́n ó ní ajá kò gbọdọ̀ wọ àgbàlá òun, pé màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà.

"Màláíkà ni kò fẹ́ wọlé àbí ẹ̀yin?" ni obìnrin náà bi í. "Ẹtu tí ajá yìí ń lé mú nígbà tí ọkọ mi wà láyé, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ na abọ́. Nígbà náà ẹ ní èyí tí ajá ọdẹ bá mú, ẹ̀sìn gbà á. Ìgbà tí ó mú ẹran ló jẹ́ ajá ọdẹ, ìgbà tó ń ṣàìsàn ló di ajá lásán?"

Àáfà náà ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, ó sì yára lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi ń ṣa èso ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí a gbé e wọlé. Kò kí mi. Ó yíjú sí ògiri, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo agboolé fi gbọ́: "Ẹ wo ohun tí mo fojú rí láyé! Obìnrin tí kò tíì rí ọmọ tirẹ̀ gbé pọ̀n, ilé ọmọ ajá ló ń tún ṣe kiri!" Àwọn ìyàwó ilé fi ọwọ́ bo ẹnu. Opó náà, tó wà lẹ́yìn mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun náà kò bímọ. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gúsí, mà," a sì kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ́fíìsì, mo fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ìròyìn ti tàn. Àwọn tó mú màlúù wá, àwọn tó ń lọ ọjà, àwọn akọ̀wé wa pàápàá, gbogbo wọn ló dúró tí ọgbà wáyà bí ẹni wá wòran. Kò pẹ́ rárá tí oògùn náà fi dé ara rẹ̀. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó bì, ó yàgbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó fẹ́ dùbúlẹ̀. Mo ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíkà nínú ìwé yàtọ̀ sí kí ẹ̀dá máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀gá wa yọ orí lójú fèrèsé.

"Ó ti pa á!" ó pariwo, inú rẹ̀ sì dùn. N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. "Mo sọ fún un! Gbogbo yín lẹ gbọ́ pé mo sọ fún un!"

Àwọn òǹwòran náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan. Ẹnì kan ní májèlé ni mo fún un. Ẹlòmíràn ní ẹ̀mí ọdẹ tó kú ló ń pè é. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bu omi wá. Opó náà ló di ọrùn ajá mú, èmi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, a gbé e dìde, a ń mú un rìn yí igi dóńgóyárò ká, díẹ̀ díẹ̀, obìnrin náà ń kì í létí ní oríkì tí ọkọ rẹ̀ ń kì í nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó yá, mímí rẹ̀ rọlẹ̀. Ìgbọ̀n náà dá. Ó dúró, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ kò, ó fún ara rẹ̀ bí ẹran tó fẹ́ bímọ, ọyún náà sì tú jáde. Kì í ṣe pé ó ń kán mọ́. Ó ń dà ni. Òórùn náà gba gbogbo ọgbà. Àwọn òǹwòran sá sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo, wọ́n ń tutọ́, wọ́n ń bú mi. Fèrèsé ọ̀gá wa pa dé gbàmù. Èmi àti opó náà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ kí inú rẹ̀ sì dùn.

A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ìpayà rẹ̀ ń dín kù sí i, ohun tó ń jáde ń dín kù sí i, ó sì ń mọ́. Ọkọ mi ń fa omi kànga fún un láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé-ìwé, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ikùn ajá náà fà mọ́ ẹ̀yìn. Ó lá ẹ̀kọ gbígbóná, ó jẹ eegun. Lọ́jọ́ kan tí ìyá ọkọ mi ń kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kẹ́tùlù, ajá náà gbó mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ó ti dé Ṣakí, n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ju kẹ́tùlù nù. Mo sá wọ yàrá kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Kí opó náà tó padà sílé, mo kìlọ̀ fún un. Mo ní oògùn yìí kò sọ pé àìsàn náà kò ní padà. Ó kàn yá wa ní àkókò ni. Nígbà tí ajá bá tún wá akọ, kó má ṣe so ó mọ́lẹ̀. Kó wá akọ ajá tó dáa fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí oyún tètè gba ibi tí ọyún ti kúrò.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n rán mi lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí láti gún àwọn ajá ọdẹ lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Mo bá obìnrin náà níwájú ilé àbúrò ọkọ rẹ̀. Ajá ti ń wá akọ, akọ ajá tó dáa jù nílùú sì ni ti ọkùnrin yìí, ẹni tó gba ìbọn nínú ogún. Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí ewú ti gba orí rẹ̀ tó, ìyàwó ni ọkùnrin náà ń pè é, torí wọ́n ti bí i kí obìnrin náà tó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní akọ ajá yín, kó gùn ún," obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ," ni ọkùnrin náà wí, ó ń rin orín. "Ohun tó ti jẹrà nínú, akọ ajá mi kò ní gùn ún. Wọ́n ní oògùn òyìnbó ti màlúù ni obìnrin kan ń fún un ní Ṣakí. Màlúù ni yóò bí, ṣé o gbọ́? Akọ màlúù ni kí o lọ yá."

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé èmi ni obìnrin kan náà. Mo sọ fún un. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun rò pé dókítà á sanra jù báyìí lọ. Mo gún ajá rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ká ní wọ́n gbà mí láyè, ẹlòmíràn ni ǹ bá gún.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Akọ ajá náà kò fọwọ́ sí ìpinnu yẹn, kò sì bi olówó rẹ̀ léèrè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí olówó rẹ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí, ó já okùn, ó gba ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù lọ, ó sì bá abo ajá náà láàárín ebè iṣu. Opó náà rí wọn. Ó ní òun yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun sì ń ro ebè òun lọ.

Ajá náà bímọ kún apẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan kú, àwọn yòókù yè, gbogbo wọn ló pupa bí ìyá wọn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láti wò wọ́n, ìjà ti ń lọ lọ́wọ́. Àbúrò ọkọ náà ti dé. Ẹni tó ní akọ ajá òun kò ní gun ohun tó jẹrà ló wá ń pariwo pé ọmọ ajá òun ni gbogbo wọn, pé ajá òun ni bàbá. Wọ́n ránṣẹ́ pe olórí àwọn ọdẹ ìlú, àgbàlagbà kan tí kò fẹ́ràn ariwo.

"Ṣé ìwọ lo mú akọ ajá rẹ wá?" ni àgbà náà bi í.

"Rárá o! N kò fún un ní ajá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé n kò fún un."

"Ajá rẹ ló ya wọ oko olóko, nígbà náà. Ṣé owó ebè tó bàjẹ́ lo wá san?"

Àgbà náà ní bí àṣà ti rí, ẹni tó ni akọ ajá yóò mú ọ̀kan, kó sì máa lọ. Opó náà kò jiyàn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣà á, bàbá." Ọkùnrin náà tú wọn wò bí ẹni ń ra iṣu, ó gbọn èyí, ó gbé ìrù tọ̀hún, ó wá mú akọ tó sanra jù, ó fi í pamọ́ sínú agbádá, ó lọ láìdúpẹ́. Gbogbo ariwo tó pa, akọ ló mú! Ìran tí wọ́n ń jà lé lórí, láti ara abo sí abo ni wọ́n ti ń kà á, ó sì fi gbogbo abo sílẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Opó náà dúró títí ọkùnrin náà fi yí kọ̀rọ̀ ilé kó tó jẹ́ kí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti ọ̀gá wa, wọ́n pè wá sí ìpàdé àwọn dókítà ẹran ní Ìbàdàn ní ọdún yẹn. Mo jókòó lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sọ ohun tuntun tí wọ́n ṣe. Ọ̀gá wa dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ gún, ó ní ní ẹkùn tiwa, "a" ti wo abo ajá ọdẹ kan tí ọyún kún ilé ọmọ rẹ̀, "a" kò sì gé ilé ọmọ náà, ó sì ti bímọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi í ní ìwọ̀n oògùn tó lò. Ó wúkọ́, ó ní ìwọ̀n tó yẹ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà tún bi í pé ẹnu ilé ọmọ náà ṣí àbí ó pa dé. Ó ní ó ṣí díẹ̀, ó sì pa dé díẹ̀. Mo wo àwọn èèyàn tó yí mi ká, àwọn tó lọ yunifásítì, mo rí i pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dìde, mo dáhùn ìbéèrè méjèèjì, mo sì jókòó. Ìgbà tí a padà dé Ṣakí ni ọ̀gá wa tó ní kò yẹ kí obìnrin máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu.

Ajá náà bímọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bá opó náà sọ̀rọ̀, ó gbà, mo sì gé ilé ọmọ náà kúrò, torí n kò gbẹ́kẹ̀ lé àìsàn yẹn pé kò ní padà. Nígbà náà, ìran ti wà nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀bẹ kò sì dẹ́rù bà á mọ́. Èmi náà bímọ nígbà tó yá. Ìyá ọkọ mi ní àdúrà òun ló gbà. N kò bá a jiyàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ irú àdúrà tó ń gbà fún mi.

Ogbó ló pa ajá náà. Wọ́n ní opó náà gbẹ́ ilẹ̀ fún un lábẹ́ igi ẹ̀mì tó wà lóko rẹ̀, ó sì sin ín. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá bú u pé ta ló ń sin ajá bí ènìyàn, pé inú igbó ni wọ́n máa ń jù ú sí. Ó ní òun ti rí bí wọ́n ṣe ń sin ènìyàn nínú ilé yẹn, tí wọ́n ń pín fìlà rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ tó gbẹ, nítorí náà òun kò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin òkú lọ́dọ̀ wọn. Ó tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ó pe àwọn ajá pupa mẹ́ta tó ń sáré kiri láàárín ebè, ó sì lọ wo àgbàdo rẹ̀.